Omi Oòrùn Tí Wọ́n Ń Pè Ní Omi Oorun

Ẹni tó bá fẹ́ bí mi nínú kíákíá, kó kọ Yorùbá sílẹ̀ níwájú mi láìfi àmì ohùn sí i. Iṣẹ́ mi ni. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá títí irun orí mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, mo sì ti jẹ wọ́n níyà lórí àmì ohùn ju bí mo ṣe jẹ wọ́n níyà lórí ìwà lọ. Ẹ wá wo ohun tó bá mi nígbà tí a kó dé ilé kan ní Òkìtìpupa, lẹ́yìn ọdún 1990 díẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ẹ̀yìnkùlé, lókè ẹ̀rọ omi: OMI OORUN. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ṣòkòtò tó sì ti dé ọjà.

Oòrùn ni ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ẹnjiníà kan ló kọ́ ilé náà kó tó tà á fún wa, tó sì kó lọ sí òkè òkun. Òun ló gbé àpótí pẹlẹbẹ kan sórí òrùlé: gíláàsì lójú, páànù tí wọ́n kùn dúdú nínú, páìpù bàbà tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí páànù náà. Lókè àpótí yìí ni táǹkì ńlá kan wà, ní ọ̀gangan yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn. Oòrùn á pa àpótí, omi inú páìpù á gbóná, á gòkè lọ sínú táǹkì fúnra rẹ̀, páìpù mìíràn á sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé. Kò gba iná mànàmáná, kò gba igi, kò gba kẹrosíìnì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ayé ìgbà yẹn, kẹrosíìnì ti di ohun tí èèyàn ń tò fún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ kàn ṣí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́ ni, omi gbígbóná á tú jáde. Èmi tí wọ́n fi igi dáná omi ìwẹ̀ fún láti kékeré ní ìlú wa lọ́nà Ọ̀yọ́, mo la ẹnu sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ara ògiri nìkan ni mi ò fẹ́ràn. Mo ní kí ọkọ mi bá mi wá ọ̀dà pupa díẹ̀ kí n fi àmì sí i. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ti máàkì ìwé ọmọ ọlọ́mọ tán, ó wá ku ògiri." Mo bínú, mo sì fi í sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a kó dé gan-an ni obìnrin kan gbé garawa wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Kò kan ilẹ̀kùn, kò ké àgò. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ ki bí apá ẹni tó ń gún iyán fún gbogbo àdúgbò, ó sì wọ sùtánà funfun. Ìjọ Aládùúrà kan wà lẹ́yìn ilé wa, òun sì ni ìyá agbẹ̀bí wọn, òun ló ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ò tíì mọ èyíkéyìí nínú gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo rí ni àjèjì tó ti ń ṣí ẹ̀rọ omi mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́?"

"Ẹ kú ilé tuntun o! Omi oorun ni mo wá pọn fún ọmọ tuntun."

"Oòrùn ni, Màmá. Omi oòrùn."

"Omi oorun náà ni mo wí."

"Ẹ̀yin ń pe oorun tí èèyàn ń sùn. Oòrùn tó ń ràn lókè ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Tíṣà ni ọ́, àbí?"

"Tíṣà ni mí, mà."

"Mo mọ̀." Ó ń sọ Ìkálẹ̀, Ìkálẹ̀ wọn yẹn tó ń fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa ń fi "i" bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi Yorùbá ìwé bomi là á nítorí mi. "Wò ó, Tíṣà mi, oòrùn wà lókè, afọ́jú pàápàá mọ̀ ọ́n lára. Ta ni yóò máa kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri? Oorun ló ṣòro rí. Òun ló yẹ kí wọ́n kọ síbi tó wà, kí ẹni tó ń wá a lè rí i."

Ìgbà tó gbé garawa rẹ̀ lọ tán ni èsì wá ń wá sí mi lẹ́nu lọ́tùn-ún lósì.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní orí. Nínú ìjọ wọn, wọ́n ní omi fún oríṣiríṣi nǹkan: omi tí wọ́n gbàdúrà sí fún ìwòsàn, omi fún ìṣẹ́gun, omi fún ẹni tó ń wá ọmọ. Tí ẹnjiníà tó kàwé bá wá ní omi fún oorun, kí ló burú níbẹ̀? Àti pé lójú rẹ̀, ẹ̀rí wà. Ọmọ tó bá ti fi omi yẹn wẹ̀, kíá ló ń sùn. Mo sọ fún un pé ọmọ tí wọ́n bá fi omi gbígbóná wẹ̀, tí wọ́n fi àdín ra lára, tó sì mu ọmú yó, kí ni ì bá tún máa ṣe bí kò bá sùn? Ó mi orí, ojú àánú ló fi wò mí.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń bá a bọ̀, ọdún ń gorí ọdún. Á kígbe "Omi oorun!" láti ẹ̀yìnkùlé, èmi náà á kígbe "Oòrùn!" láti ojú fèrèsé. Ọkọ mi ní tí ọ̀kan nínú wa bá kú, èkejì kò ní rí ẹni bá ṣeré mọ́.

Ọwọ́ obìnrin yẹn, ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà, kò láfiwé. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹni tó ń rọbí, púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, ló ń yan, èéfín á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan, aṣọ tí mo sá á máa rùn, èmi náà á máa pariwo. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà láàárín ilé wa àti ṣọ́ọ̀ṣì, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ jòjòló sórí ojúgun rẹ̀. Á fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn á wá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́: kò sí kọ̀rọ̀ ọrùn, kò sí abẹ́ apá tí kò ní dé. Á na apá ọmọ, á fi wọ́n ká ara wọn láyà, á gbé ọmọ sókè, á jù ú, á hán an. Ọkàn mi á fò lọ bí ẹyẹ, ọmọ á kàn máa wo ojú ọ̀run. Tó bá kan ìyá ọmọ, á ri aṣọ bọ omi gbígbóná, á fi tẹ ikùn rẹ̀, á tẹ ẹ̀gbẹ́, á tẹ ẹ̀yìn, títí obìnrin náà á fi mí kanlẹ̀. Èmi náà ti bímọ, ní ọsibítù, kò sí ẹni tó wẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi ìwé tí mo ń máàkì sílẹ̀ láti máa wò ó, inú mi á sì máa dùn bí ẹni pé ara mi ni wọ́n ń tẹ̀.

Kò ní ìrẹ̀lẹ̀ o! "Ọwọ́ mi yìí," á gbé e sókè fún gbogbo ayé rí, "ọwọ́ mi yìí ti gba ọmọ tó lè kún ilé ẹ̀kọ́ yín, Tíṣà." Ẹnu rẹ̀ ń bí mi nínú, ìwà rẹ̀ ń wù mí.

Ọdún kan, nígbà òjò, wọ́n mú ìyàwó ọlọ́kadà kan wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìjù-Odò ni, kò tíì ju ọmọbìnrin kékeré lọ, ó sì bí ọmọkùnrin láìsí wàhálà. Ẹ̀yìn ìbí ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó ti bí ọmọ méjì rí ṣáájú èyí. Àwọn méjèèjì sùn ti ìyá wọn, ìyá jí, àwọn ọmọ kò jí. Àwọn ará àdúgbò kan ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àbíkú ni, ìyá agbẹ̀bí sì ti lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ti bá ara rẹ̀ dá májẹ̀mú pé òun kò ní sùn mọ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló á sá. Lójú tirẹ̀, oorun òun ló pa àwọn ọmọ òun. Á gbé ọmọ dání láti alẹ́ mọ́jú, á máa fi ìka kan sábẹ́ imú rẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá ó ń mí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyìn. Ọmú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ebi ń pa ọmọ, ọmọ ń ké.

Omi oorun ni ìyá agbẹ̀bí fi dá a lójú. Ó sọ fún un pé ẹnjiníà kan tó mọ̀wé ju gbogbo Òkìtìpupa lọ ló ṣe é, ó ní ẹnikẹ́ni kò lè fi omi yẹn wẹ̀ kó má sùn. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti rọ̀, á wẹ̀ ẹ́, á tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ máńgòrò, á gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, á sọ pé, "Sùn. Ọwọ́ mi ni wàá ti bá a." Obìnrin náà á sì sùn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Oorun kan ṣoṣo tó ń sùn lójúmọ́ nìyẹn. Tó bá jí, á fò dìde: "Ọmọ mi dà?" Á já ọmọ gbà, á ki ìka bọ abẹ́ imú rẹ̀ kó tó lè mí.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ìyá agbẹ̀bí kì í dìde. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ó ń fún itan mọ́ra, mo mọ̀ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Mo sá jáde lọ, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

"Rárá."

"Màmá, èmi náà ti tọ́mọ rí."

"Mo ti ṣèlérí fún un pé ọwọ́ mi ni yóò ti bá a. Ṣé ọwọ́ mi nìyẹn?" Ó fi ẹnu júwe ọwọ́ mi. Mo padà sílé. Mo wo ìyá agbẹ̀bí láti ojú fèrèsé, omi lé sí mi lójú, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni òrùlé wa dún. Ọjọ́bọ̀ ni. Mo ń ya irun mi nínú yàrá, mo gbọ́ "kẹ̀ẹ̀!" lókè, erùpẹ̀ sì dà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi gun àkàbà, ó ki orí bọ inú àjà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ikán ti jẹ igi àjà, táǹkì ti ń jò sí i lára láti ìgbà tí a kò mọ̀. Ó lọ ti omi pa, ó sì tú gbogbo èyí tó wà nínú táǹkì dà nù sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìyàwó," ó ní, "abẹ́ ikú la ń sùn." Kò sí àròyé nínú rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìlútítun lọ́jọ́ náà lọ bẹ púlọ́ḿbà kan, púlọ́ḿbà ní ọjọ́ Sátidé ni òun máa wá tú gbogbo rẹ̀ kalẹ̀.

Èmi ni mo lọ sọ fún ìyá agbẹ̀bí. Ó jókòó. Kò bá mi jà, ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

"Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?" ó ní.

"Ẹ gbé omi kaná fún un, Màmá. Omi gbígbóná, omi gbígbóná ni."

Ó gbìyànjú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ìhá ẹyìn ran iná, ó gbé ìkòkò ńlá lé e, omi gbóná dáadáa. Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ ọ́. "Màmá, omi lásán rèé." Ó jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ òun ṣá, ó sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Mo ń wò ó. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo ewé máńgòrò. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò sùn, lọ́jọ́ Ẹtì kò sùn. Ọmọ fa ọmú, ó tu ọmú dà nù, ó figbe ta. Nígbà tí ẹnu ìyá agbẹ̀bí bá ti pa mọ́, kí oníkálukú yáa máa gbàdúrà.

Lówùúrọ̀ Sátidé, púlọ́ḿbà dé pẹ̀lú okùn, sípánà àti ayùn irin. Bí òun àti ọkọ mi ṣe ń gun òrùlé ni ìyá agbẹ̀bí yọ sí wa. Ó ti gbé sùtánà wọ̀, ó gbé abọ́ tánganran funfun kan dání, wọ́n da aṣọ funfun bò ó. Obìnrin yẹn ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọmọ, ó ń rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá mú un jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn rẹ̀ ti ìdí máńgòrò, ó gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe.

"Màmá, kí la fẹ́ fi abọ́ ṣe?" mo bi í.

"Ẹ̀yin ẹ kó irin yín. Ohun tí ẹnjiníà fi sínú àpótí yẹn ni mo wá gbà. Ìkòkò mi ni màá máa fi sí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ. "Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Páìpù ni."

"Ìwọ ti rí inú rẹ̀ rí?"

"Mi ò rí i rí, mà."

"Ó tán."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ariwo ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbàgbé. Gbogbo nọ́ọ̀tì ti dípẹtà, sípánà kò lè mú wọn, òòlù ni púlọ́ḿbà fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, páànù òrùlé sì ń dáhùn gbà, gbà, gbà. Ayùn ń han. Ọkọ mi ń pariwo, "Rọra! Rọra!" púlọ́ḿbà ń pariwo pé òun ń rọra. Wọ́n so okùn mọ́ táǹkì, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí táyà àlòkù, ó ṣì dún bí ààrá. Púlọ́ḿbà nu òógùn, ó fi ọwọ́ pa ibi tí páìpù ti wọ ara wọn. "Ẹni tó jó páìpù yìí pọ̀ mọṣẹ́," ó ní. "Ikán ló ṣẹ́gun rẹ̀, kì í ṣe omi." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ti ń fún gbogbo ọmọ jòjòló àdúgbò lómi gbígbóná, tí kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kí i pé ó ṣeun.

Wọ́n wá gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá agbẹ̀bí gbé abọ́ rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ọmọ wà ní apá òsì rẹ̀. Púlọ́ḿbà tú gíláàsì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Páànù dúdú. Páìpù bàbà. Ilé agbọ́n kan tí wọ́n fi amọ̀ mọ sí igun. Ọmọńlé kan tó ti gbẹ.

"Ó tán?" ìyá bèèrè.

"Ó tán, Màmá."

"Yí i padà. Wo abẹ́ rẹ̀."

Púlọ́ḿbà yí i padà. Fóòmù tó ti jẹrà ló já bọ́. Ó tún un yí síwájú. Ìyá wá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọwọ́ tó gba ọmọ tó lè kún ilé ẹ̀kọ́ wa, ó fi tọ páìpù náà lẹ́sẹẹsẹ, bó ṣe máa ń tọ ikùn aboyún láti mọ ibi tí orí ọmọ wà. Oòrùn ti mú páànù náà láti àárọ̀. Ó fa ọwọ́ yọ kíá.

"Yéè! Ó mà gbóná o." Ó wo òkè, ó wo páìpù. "Omi oòrùn ni lóòótọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá gbọ́ kó pe omi náà bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fẹ́. Ó pè é dáadáa, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Inú mi kò dùn sí i rárá. Abọ́ funfun yẹn ṣófo nílẹ̀, ó gbé aṣọ rẹ̀ padà bò ó. Ó yí padà láti sọ fún ọmọbìnrin náà.

Ọmọbìnrin náà ti sùn.

Ó ti sùn látìgbà wo, kò sí ẹni tó mọ̀. Orí rẹ̀ fara ti igi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ lórí itan. Nínú gbogbo gbà-gbà-gbà yẹn! Kò fi omi kankan wẹ̀. Ọkọ mi fi ìka sẹ́nu pé ká dákẹ́, púlọ́ḿbà gbé òòlù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Kíá ni ìpéǹpéjú obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá agbẹ̀bí ju ọwọ́ sí wọn, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu: "Ẹ máa lu nǹkan yín lọ! Ta ló ní kí ẹ dákẹ́?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Iṣẹ́ ti tán o, kò sí ohun tí wọ́n tún ń tú. Púlọ́ḿbà gbé páànù àlòkù kan, ó ń lù ú bí ẹni tí páànù ṣẹ̀. Ọkọ mi, ọkùnrin tó ń ṣe ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ń wọ́ táǹkì lọ sí ìdí ògiri, ó tún ń wọ́ ọ padà. Èmi náà gbé ìkòkò àti ìdérí jáde. Ọlọ́kadà kan dúró lójú ọ̀nà, ó bi wá pé ṣé kò sí nǹkan. Ìyá ti jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ náà sì ń sùn ní àyà rẹ̀.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí ọmọbìnrin náà jí. Ó fò dìde jókòó. "Ọmọ mi dà?"

"Ọwọ́ mi ló wà," ìyá agbẹ̀bí wí.

Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ láyà, ó ń kán sórí ẹní. Ó na ìka rẹ̀ lọ síbi imú ọmọ, bó ti máa ń ṣe. Ìka náà dúró lójú ọ̀nà. Ó wo ojú ìyá agbẹ̀bí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e dání díẹ̀ sí i, Màmá," ó ní, ó dùbúlẹ̀, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì tún sùn lọ.